Ibi Tí Kòmándà Gbé Àsíá Lọ

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà Àǹtí Fèrè, ẹ sọ fún un pé òkun ò ṣe nǹkan kan lónìí, pé ó kàn sùn síbẹ̀ jẹ́ẹ́ ni. Ẹ ó gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ ò bèèrè. Aránṣọ ni obìnrin náà lọ́jọ́ iṣẹ́, téèpù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, òwú kì í tán lára aṣọ rẹ̀. Àmọ́ tó bá ti di àárọ̀ Sátidé, á bọ́ téèpù, á gbé fèrè kọ́rùn, á di ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ etíkun kí omi má baà gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ. Ẹnikẹ́ni ò sanwó fún wọn. Fèrè ọrùn yẹn ni àwọn ọmọdé fi sọ ọ́ lórúkọ. Ohùn rẹ̀ gan-an le ju fèrè lọ, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀?

Ẹgbẹ́ Aṣọ́kun ni wọ́n ń pe ara wọn. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀, fọganáísà kan wà níbẹ̀, àwọn tíṣà wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Àǹtí Fèrè lọ́kùnrin, ọmọ ìyá ẹ̀, ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Kòmándà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ọ̀dà ló ń tà o, kò wọ aṣọ ológun rí láyé ẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá dúró létí omi tó fọwọ́ mú ìbàdí, ẹ̀yin náà á fẹ́ kí i bíi sójà. Ká má purọ́ mọ́ ọn, ó mọ omi. Òun ló di àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ mú wọ òkun nígbà tí orí ọmọ náà ò tíì ga ju itan rẹ̀ lọ, òun ló kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń léfòó. Mo sọ ìyẹn kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe àìmọ̀kan ló fa ohun tí mo fẹ́ sọ. Ì bá sàn ká ní àìmọ̀kan ni.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kì í bẹ̀rẹ̀ nínú omi. Orí yanrìn ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Àǹtí Fèrè á ní kí gbogbo wọn jókòó, kí wọ́n kàn wo omi. Wọ́n á wò ó títí ìdí á fi máa yún wọn. Lẹ́yìn náà á bi wọ́n pé, "Ó dáa, ta ló fẹ́ lúwẹ̀ẹ́? Ibo lo máa gbà wọlé?" Gbogbo wọn pátá, láìku ẹnì kan, á nawọ́ sí ibi tí kò sí ìgbì, ibi tí omi ti tẹ́jú bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Àwọn ìyá wọn tó tẹ̀ lé wọn wá náà á nawọ́ síbẹ̀. Orí Àǹtí Fèrè á gbóná.

"Ẹ kú oríire! Gbogbo yín ti kú. Ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé, ẹ lọ sọ fún wọn nílé pé ẹ ti kú."

Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín. Òun ò ní rẹ́rìn-ín. Á wá ṣàlàyé fún wọn pé gbogbo omi tí ìgbì ń gbé wá sí etí yanrìn, ó ní láti padà sílé. Ó máa ń wá ibi tó jìn díẹ̀ nínú ilẹ̀, á gba ibẹ̀ sáré padà sínú òkun. Nítorí pé ibẹ̀ jìn, ìgbì kì í fọ́ níbẹ̀, ló fi máa ń dà bí ibi ìsinmi. Omi afàlọ ni àwọn Aṣọ́kun ń pè é. Ẹni tó bá bá a jà, á rẹ̀ ẹ́, á sì rì, ì báà jẹ́ akin. Ẹni tó bá gbọ́n á fi ẹ̀yìn lé omi, á gbé ojú sókè, á nawọ́ kan sókè kí wọ́n lè rí i, á máa mí, á jẹ́ kó gbé òun. Bó pẹ́ bó yá, agbára omi náà á tán. Nígbà náà ni á wá lúwẹ̀ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, kò ní kọjú sí ilé tààrà.

Àsíá wá ńkọ́? Àsíá méjì ni, pupa àti yẹ́lò. Àǹtí Fèrè fúnra rẹ̀ ló rán wọn, ó kó òwú lé òwú kí afẹ́fẹ́ má baà fà wọ́n ya. Láràárọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ ṣọ́ etíkun, àwọn àgbà ẹgbẹ́ á kọ́kọ́ wo omi fínnífínní, wọ́n á wá ri àsíá méjèèjì mọ́ ibi tí ìgbì ti ń fọ́ dáadáa, tí ilẹ̀ kò jìn. Láàárín àsíá méjì yẹn nìkan ni ọmọdé ti lè wọ omi. "Bí ẹ ò bá tíì mọ omi wò," ni Àǹtí Fèrè máa ń sọ fún wọn, "ẹ wo àsíá. Àsíá ò ní purọ́ fún yín."

Nínú gbogbo ọmọ tí wọ́n kọ́, kò sí èyí tó gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ tó Pẹ́pẹ́yẹ. Ọmọ Kòmándà ni, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Bó ṣe ń rìn lórí yanrìn ló fún un lórúkọ yẹn. Ó mọ òfin etíkun lórí bí ẹni mọ orin, ó sì máa ń fẹjọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ sùn bí ó bá kọjá àsíá bí ẹsẹ̀ kan. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kórìíra ìyẹn gan-an.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ẹgbẹ́ ní àlejò. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ fún wọn ní ọkọ̀ ojú omi onírọ́bà tó ní ẹ́ńjìnnì. Táì ni ọkùnrin náà wọ̀ wá sórí yanrìn, ló bá di Onítáì lẹ́nu àwọn ọmọ kó tó bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Kòmándà ti ń fẹ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ wẹ̀ níbi tó jìnnà sí wọn, ojú wọn ló ṣe rì, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ lọ bá a, ọwọ́ wọn ò tó o. Láti ọjọ́ yẹn, bí Kòmándà bá jẹun, ọkọ̀, bó bá sùn, ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn kì í ṣe afẹ́, ẹ̀mí èèyàn ni.

Níbi tí àsíá wà láàárọ̀ yẹn, ìgbì ń fọ́, afẹ́fẹ́ sì ń gbé ìfófòó lu èèyàn lójú. Wọn ò lè fi Onítáì jókòó síbẹ̀. Wọ́n bá lọ ta àtíbàbà síwájú díẹ̀, níbi tí omi ti tẹ́jú, tí kò ta sí bàtà ẹnikẹ́ni. Wọ́n to àga, wọ́n gbé ọkọ̀ tuntun náà síwájú. Ayàwòrán wò ó, ó mi orí, ó ní ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ṣófo jù, pé àwọn àsíá yẹn ì bá dára níbẹ̀. Kòmándà ò rán ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ló fa àsíá méjèèjì tu, tó gbé wọn wá, tó rì wọ́n mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀.

Àǹtí Fèrè wà lójú títì nígbà náà, ó ń júwe ibi ìgúnlẹ̀ fún bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tó padà dé tó rí àsíá, ó kọ́kọ́ rò pé ojú òun ni.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni àsíá ń wá níbí?"

"Fótò ni. Wọ́n fẹ́ kó hàn lẹ́yìn ọkọ̀."

"Ẹ wo omi tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ná!"

"Ṣé ojú ń dùn mí ni? Mo rí i. Ta ló ń wọ omi? Kò sẹ́ni tó ń wọ omi. Wọ́n á ya fótò, n ó dá a padà."

"Ẹ jẹ́ ká kúkú fà á tu, kí ẹnì kan fọwọ́ mú un dúró. Ká má rì í mọ́lẹ̀."

Kòmándà yíjú sí i, ó sọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Fèrè, àlejò ń wò wá. Má bẹ̀rẹ̀ o. Lọ bá mi pín omi mímu fún àwọn òbí."

Ó lọ. Ẹ̀gbọ́n ló sọ̀rọ̀, àlejò sì ń wò, ló ṣe lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀nà ló fi ń ráhùn, ó ń sọ fún páálí omi tó gbé dání pé ìkà ni fótò, pé fótò ló máa pa gbogbo wa.

Onítáì sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà gùn. Kòmándà sọ̀rọ̀, tirẹ̀ gùn jù ú lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n to àwọn ọmọ síwájú ọkọ̀ pẹ̀lú fìlà yẹ́lò tuntun lórí, wọ́n ya fótò, wọ́n tún un yà. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Onítáì ní òun fẹ́ rí yàrá tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ sí. Kòmándà mú un gòkè lọ síbẹ̀, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. Àwọn Aṣọ́kun tó kù ń ti ọkọ̀ padà sórí kẹ̀kẹ́ tó gbé e wá, gbogbo wọn kẹ́yìn sí òkun. Àsíá ṣì wà níbi tó wà.

Oòrùn ń mú. Ìyá kan sọ fún àwọn ọmọ pé, "Ẹ ti gbìyànjú, ẹ lọ fẹsẹ̀ kan omi díẹ̀ ká tó máa lọ." Ohun tí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ náà ni wọ́n ṣe, ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Wọ́n dúró, wọ́n wá àsíá. Wọ́n rí i. Pẹ́pẹ́yẹ ló ṣáájú wọn. Ó to àwọn kéékèèké sí etí ibi tí omi ò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ, òun fúnra rẹ̀ wá lọ dúró síwájú wọn lápá ibi tó jìn, ó na apá méjèèjì bí ọgbà kí ẹnikẹ́ni má baà kọjá òun.

"Ẹ má kọjá àsíá o! Àǹtí Fèrè á fọn fèrè mọ́ yín létí!"

Ìyẹn ni ohun tó ń sọ lẹ́nu nígbà tí ilẹ̀ yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àǹtí Fèrè gbójú sókè nídìí páálí omi, ó rí fìlà yẹ́lò nínú omi, ó rí ọ̀kan tó ti jìnnà sí ìyókù. Ó ju omi nù, ó fọn fèrè títí èémí fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú rẹ̀, ó ń sáré lọ. Fọganáísà gbọ́, ó ya wọ inú àwọn kéékèèké, ó ń kó wọn jáde bí ẹni kó àga sílé nígbà tí òjò dé. Àǹtí Fèrè já róbà pupa tí wọ́n fi ń gbé èèyàn léfòó gbà, ó sì bẹ́ sínú omi afàlọ náà gan-an. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà á rò pé orí rẹ̀ dàrú. Ṣùgbọ́n omi tó gbé ọmọ lọ ló máa tètè gbé ẹni tó ń lépa rẹ̀ débẹ̀. Ó jẹ́ kó gbé òun.

Ó bá Pẹ́pẹ́yẹ lórí ẹ̀yìn rẹ̀, ojú sókè, ọwọ́ kan sókè, ètè rẹ̀ ti funfun. Ọmọ náà ń mí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

"Àǹtí, mi ò bá a jà o," ló sọ. "Mi ò bá a jà."

"Mo rí ẹ. O ṣe é dáadáa. Di róbà yìí mú."

Wọ́n lúwẹ̀ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ títí wọ́n fi bọ́ sí ibi tí ìgbì ti ń fọ́, ìgbì wá ń tì wọ́n bọ̀ wá sílé. Ọ̀kan nínú wọn lágbára, ó gbá wọn mọ́lẹ̀, Pẹ́pẹ́yẹ sì mu omi níbẹ̀. Kòmándà ti wọ omi pẹ̀lú bàtà àti ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀ fún fótò, ó gba ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó gbé e sáré jáde. Nọ́ọ̀sì yí ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bì, ó wúkọ́, ó wá ké. Ẹkún tó dùn mọ́ èèyàn nínú nìyẹn. Àǹtí Fèrè jókòó sórí yanrìn.

Ká ní ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, gbogbo wọn ì bá dúpẹ́, wọn ì bá sì lọ sílé. Ṣùgbọ́n Onítáì ti dé, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní ẹ ń ṣọ́ wọn?"

Kòmándà dìde. Omi ń kán lára rẹ̀. Ó wo ọkọ̀ tó wà lórí kẹ̀kẹ́. Ó wo Onítáì.

"Ọmọ mi ni, sà. Alágídí ọmọ ni. Ó kúrò láàárín àsíá." Ó nawọ́ sí ọ̀ọ́kán. "Ẹ ṣáà rí ibi tí a ti gbé e jáde."

Ẹ̀yin èèyàn mi! Omi ló gbé ọmọ náà débẹ̀! Ọkùnrin tó mọ ìrìn omi ju gbogbo wọn lọ ló ń sọ bẹ́ẹ̀! Ṣùgbọ́n gbogbo èrò ló mí kanlẹ̀, wọ́n ní "Háà, ọmọ ayé òde òní." Ìyá kan fa ọmọ tirẹ̀ létí, ó ní, "Ṣé o rí ohun tí mo máa ń sọ?"

Pẹ́pẹ́yẹ gbọ́. Ó gbé orí sókè lórí itan nọ́ọ̀sì, ó wo àsíá ọ̀tún, ó wo àsíá òsì, ó wo bàbá rẹ̀. Iwájú orí rẹ̀ hunjọ bíi ti ọmọ tí ìṣirò ò bọ́ sí lọ́wọ́.

"Ẹ má bínú, Dádì," ló sọ. "Mi ò mọ̀ pé mo kúrò."

Ohun tó bà á jẹ́ nìyẹn. Bó bá ṣe pé ọmọ náà jiyàn ni, bóyá Àǹtí Fèrè ì bá gbé ọ̀rọ̀ mì títí àlejò á fi lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tó gbọ́ràn débi tó fẹ́ kú ló wá ń tọrọ àforíjì yẹn. Ọ̀rọ̀ gba ọ̀fun Àǹtí Fèrè jáde, kò sì bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

"Irọ́ ni! Irọ́ gbuu ni! Ọmọ yìí ò kúrò níbì kankan! Àárín àsíá ló wà, àsíá ni kò wà níbi tó yẹ kó wà! Ìwọ lo gbé e! Ìwọ, Kòmándà! O fà á tu nítorí fótò, o rì í mọ́ ẹnu ikú, o ní wàá dá a padà, o wá ń bá èèyàn rìn kiri! Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìwọ lo wà lọ́jà, ìwọ náà lo wọ́ ọ lórí!"

Onítáì wo àsíá, ó wo omi tó tẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀, ó wo Kòmándà. Onítáì tún táì rẹ̀ ṣe.

"A ó máa pè yín," ló wí. Mọ́tò rẹ̀ fa ọkọ̀ náà lọ bó ṣe fà á wá. Àwọn òbí kó ọmọ wọn, bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ lọ, kò sì sẹ́ni tó dágbére fún ẹnì kejì.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ṣọ́ọ̀bù aránṣọ di ilé ẹjọ́. Ọ̀kan ń jáde, òmíràn ń wọlé. Fọganáísà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún ẹ̀gbin táyà, kò fẹ́ fara kan aṣọ oníbàárà.

"Àǹtí, òótọ́ lẹ sọ. Mi ò ní kì í ṣe òótọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti lọ. Ẹni tó bá rì lọ́la tí ọwọ́ wa ò tó o ńkọ́?"

Àǹtí Fèrè tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ débi tí abẹ́rẹ́ fi kán. "Ìbéèrè yẹn, ọ̀dọ̀ Kòmándà ni kó o gbé e lọ. Ṣé èmi ni mo fa àsíá tu? Ẹ fẹ́ kí n fi ọmọ san owó ọkọ̀, àbí? Ẹ fẹ́ kí ọmọ tó gbọ́ràn di aláìgbọràn, kí ẹ lè rí nǹkan fi ṣe fáàrí lórí omi! Kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi, o ń dí mi ní ìmọ́lẹ̀."

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà ò dùn ún. Ó dùn ún. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọjọ́sí yẹn ṣì ń wá sójú rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń mú kó bínú sí i.

Ṣùgbọ́n ìyàwó Kòmándà ló mú èyí tó burú jù wá. Ó yà sí ṣọ́ọ̀bù bí ẹni wá ra bọ́tìnnì, ó sì jókòó. Ó ní Pẹ́pẹ́yẹ ò fẹ́ dé ibi omi mọ́, kódà ó di kí wọ́n lé e kó tó wẹ̀. Kòmándà ti sọ fún un nílé pé ìbínú ló bo ojú àǹtí rẹ̀, pé ọmọ ló ṣìnà díẹ̀, kò burú, kí wọ́n gbàgbé ẹ̀. Ọmọ náà ò gbàgbé. Ó máa ń jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, á fi ìka kan sórí aṣọ ìtẹ́, á ní àsíá kan nìyí. Á fi ìka kejì síbòmíràn, á ní ìkejì nìyí. Á wá bi ìyá rẹ̀ pé, "Mọ́mì, ibo ni mo ti kọjá?"

"Ìwọ ò wá lè sọ fún un ni?" Àǹtí Fèrè fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Mo sọ fún un. Ẹ̀yin náà sọ fún un létíkun, gbogbo ayé ló gbọ́. Bàbá rẹ̀ ló ń dúró dè."

Òótọ́ ni. Kò sí ọ̀nà mìíràn. Bí Kòmándà ò bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ọmọ yẹn á dàgbà, ojú rẹ̀ á máa rí nǹkan, kò sì ní gba ojú ara rẹ̀ gbọ́ mọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni omi ń pa.

Màmá tó bí Kòmándà àti Àǹtí Fèrè ló pè wọ́n jọ lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè, ní pálọ̀ Kòmándà. Fáànù ń yí lókè, ó ń pariwo bí ẹni ní ikọ́. Kòmándà jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti pa ohùn rẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni pé ìdánwò wà lórí ẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ ìyá bàbá rẹ̀, ó pọn orúnkún mọ́ra.

Màmá ò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. "Fèrè, gbogbo ohun tí ojú bá rí kọ́ ni ẹnu ń sọ. Ẹ̀gbọ́n ẹ ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ lo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sùn. O dúró láàárín èrò, o pè é ní 'ìwọ', o tú u sí ìhòòhò. Kò sóhun tó ṣe tó lè mú kí ìyẹn dára. Kúnlẹ̀, bẹ̀ ẹ́."

Àǹtí Fèrè kúnlẹ̀. Màmá fúnra rẹ̀ ò retí pé yóò yá tó bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo là yín mọ́lẹ̀ lójú àlejò. Mo pè yín ní ìwọ. Ẹ dárí jì mí, mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìyẹn nìkan ni mo bẹ̀bẹ̀ fún o. Òótọ́ tí mo sọ, mi ò bẹ̀bẹ̀ fún un."

"Fèrè!"

"Màmá, mo ti bẹ̀bẹ̀ tèmi. Ó ku tiwọn."

"Ta ni ẹ̀gbọ́n ẹ fẹ́ bẹ̀? Ìwọ?"

"Ọmọ wọn."

Màmá pòṣé, ó gùn. "Ibo lo ti rí i tí bàbá ti ń bẹ ọmọ tó bí? Ṣé òkun ti wọ̀ ẹ́ lórí ni?"

"Mi ò ní kí wọ́n dọ̀bálẹ̀. Mo ní kí wọ́n sọ̀rọ̀." Orúnkún rẹ̀ ń dùn ún lórí ilẹ̀ líle, kò dìde.

Kòmándà sọ̀rọ̀, kò wo ẹnikẹ́ni. "Mo ti bá ọmọ mi sọ̀rọ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ ti tán. Mo ra bàtà tuntun fún un. Kí ni ẹ tún fẹ́?"

"Dádì."

Gbogbo wọn wo Pẹ́pẹ́yẹ nílẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti jókòó, ọmọ náà ò tíì lanu.

"Ẹ jọ̀ọ́, Dádì, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan."

"Bi mí."

"Nígbà tí ẹ ń ri àsíá mọ́bẹ̀, ṣé ẹ mọ̀ pé omi afàlọ wà níbẹ̀?"

Àǹtí Fèrè wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bó bá ní òun ò mọ̀, á jẹ́ pé ọkùnrin tó ti ń wo omi láti kékeré ò mọ omi wò, kí ló wá ku nínú Kòmándà? Bó bá ní òun mọ̀, ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Àwòrán ń kọjá lójú tẹlifíṣọ̀n, èèyàn ń lanu níbẹ̀, ohùn ò jáde.

"Mo mọ̀," ló wí.

Pẹ́pẹ́yẹ mi orí. Kò sunkún. Ó rọra tú ọwọ́ rẹ̀ lórí orúnkún, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n kò gbójú kúrò lára bàbá rẹ̀.

"Kí ló wá dé tí ẹ fi sọ fún gbogbo èèyàn pé èmi ni mo kọjá?"

Ọkùnrin gìrìwò yẹn yíjú sí ìyá rẹ̀, ó wò ó bí ọmọ tí ilẹ̀ yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ṣe ń wo ẹni tó wà lórí yanrìn. Àǹtí Fèrè wo Màmá pẹ̀lú. Ó ti mọ ohun tí Màmá máa sọ, ó ti ń múra ìjà sílẹ̀ níbi tó kúnlẹ̀ sí.

Màmá gbé ọwọ́ lé ọmọ ọmọ rẹ̀ lórí.

"Má wo ojú mi," ló sọ fún ọmọkùnrin rẹ̀. "Dá ọmọ ẹ lóhùn."